Mo ti pé ọdún 47: ṣé orí mi ṣì lè gba ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 47 ni mí. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Mò ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ọmọ méjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ibùdó ẹ̀kọ́ àgbà kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń ṣe kíláàsì nírọ̀lẹ́: ìṣirò, ìwé kíkọ, kọ̀ǹpútà, aṣọ rírán. Gbogbo rẹ̀ ló wù mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ka ojú ewé kan báyìí, kí n tó ṣí èkejì, ti àkọ́kọ́ ti fò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé orí mi ti dì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ni mo sì lè ṣe tí mi ò fi ní pa á tì láàárín ọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ orí yìí ni ọ̀pọ̀ wọn sì kọ́kọ́ máa ń bi mí. Bẹ́ẹ̀ orí kọ́ ló sábà máa ń lé wọn kúrò ní kíláàsì. Ohun tó ń lé wọn ni ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀gá ní kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ọkọ̀ tí kò tètè dé. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti orí, kí ti àkókò lè ráyè.

Òótọ́ ni pé ìyára wa ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ohun tuntun tí ọ̀dọ́ máa mú lẹ́ẹ̀kan lè gba yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n òye tí ẹ ti kó jọ nípa ọ̀rọ̀, iṣẹ́ àti ènìyàn kì í yára lọ, òun ni ẹ ó sì máa so ohun tuntun mọ́. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ọpọlọ méjì, Katherine Woollett àti Eleanor Maguire, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbàlagbà 79 tó ń há ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà Lọ́ńdọ̀nù sórí kí wọ́n lè gba ìwé àṣẹ awakọ̀ takisí. Àwọn 39 ló yege. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán ọpọlọ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, apá kan lára ibi tí à ń lò fún ìrántí ọ̀nà ti tóbi sí i lára àwọn tó yege. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò yege. Ọpọlọ àgbà ni ìyẹn o, kì í ṣe ti ọmọdé.

Kí ẹ tó dá orí lẹ́bi, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Láti nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣòro láti rí ohun tó sún mọ́ wọn. Mo ti rí àwọn tó ní ìwé ò wọrí àwọn mọ́, tó jẹ́ pé wíwá lẹ́tà lórí ìwé ló ń gba gbogbo agbára wọn kí ó tó kan ìtumọ̀. Awò ìkàwé ló tán ìṣòro náà.

Ojú ewé tó ń fò lọ yẹn, bí ẹ ṣe ń kà á ló ṣeé ṣe kó fà á. Kíkà lákàtúnkà máa ń jẹ́ kó dà bíi pé a ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: 42 ni tiwọn, 56 ni ti àwọn tó pa ìwé dé. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé láti kíláàsì, ẹ pa ìwé dé, ẹ mú bíró, kí ẹ kọ ohun tó bá wá sọ́kàn, ìbáà ṣe gbólóhùn mẹ́ta péré. Ẹ wá ṣí ìwé wo ohun tí ẹ gbàgbé. Ẹ tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àti kí ẹ tó padà sí kíláàsì. Ó máa nira lára. Ibi tó ti nira yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé.

Ó wá kan àkókò, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Kíláàsì wákàtí méjì kì í ṣe wákàtí méjì. Ẹ ka àlọ àti àbọ̀, ẹ ka iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ó rí i pé ó lè tó wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe bí ẹni pé kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kúrò nílé lákòókò tó yẹ, ẹ lọ jókòó sí ilé ìkàwé tàbí ibòmíràn tó dákẹ́, kí ẹ ka ohunkóhun fún wákàtí méjì. Tí ọ̀sẹ̀ méjèèjì bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ìrọ̀lẹ́ yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ béèrè kíláàsì òwúrọ̀ Sátidé tàbí èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì sọ fún ará ilé ní pàtó: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ. Ẹni tó bá kàn sọ pé òun ti padà sílé ìwé, wọn yóò kí i kú oríire, wọn yóò tún pè é pé kó wá wo nǹkan kan ní aago méje gan-an.

Kíláàsì kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú èyí tí ẹ ó lò láàárín oṣù kan sí àkókò yìí. Bí iṣẹ́ yín bá ń gba fọ́ọ̀mù àti ìjábọ̀, ẹ mú ìwé kíkọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí kan ni ẹ ń lé, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń béèrè ìṣirò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ má mú ìṣirò nítorí pé ó gbé yín ṣubú nígbà èwe, tí ẹ kàn fẹ́ gbẹ̀san lára rẹ̀. Ó lè dúró.

Ẹ bi ibùdó náà bóyá ẹ lè jókòó wo kíláàsì kan kí ẹ tó sanwó, ta ló ń gba ìwé ẹ̀rí wọn wọlé, àti kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá pàdánù ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ìdánwò kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má kàwé sílẹ̀ fún un. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹ dúró ni. Tí ẹ bá há nǹkan sórí lóru ọjọ́ kan, ìpele tó ga jù yín lọ ni wọn yóò gbé yín sí.

Ẹ ó pàdánù ọjọ́ kan dandan. Àwọn tí mo rí tó pa á tì, ọjọ́ kan yìí ló ń di méjì. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lé èyí tó lọ bá kí wọ́n tó fojú hàn, ìtìjú sì mú kí ẹ̀kẹta kọjá. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́, kí ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín pé kí ni wọ́n ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ wọlé bí ẹ ṣe wà, bí iṣẹ́ àṣetiléwá kò bá tilẹ̀ parí, kí ẹ jókòó sí àyè yín. A ti ń retí yín.