Má Kó Ohun Ilé Pamọ́

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní oṣù mẹ́jọ ni o ti kúrò ní Ìbàdàn, o ní ohunkóhun tó bá ti rán ọ létí ilé níbẹ̀ yẹn ló ń mú ọ sunkún, o wá ń bi àwa tí a ti gbé ìlú òyìnbó ṣáájú rẹ bóyá kí o kó aṣọ, fọ́tò àti gbogbo ohun ilé pamọ́ títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó padà sí Ìbàdàn níbi. Ní ọdún kejì, nígbà tí àárò ilé fẹ́ bà mí láyé jẹ́, mo pinnu pé n kò ní fàyè gba ohunkóhun tó bá jọ mọ́ ilé mọ́. Mo ká aṣọ òkè mi sí ìsàlẹ̀ àpótí, búrẹ́dì àti ẹyin ni mò ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì dín pípe ìyá mi kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo ń fi iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ṣe àwáwí. Fún bí oṣù mẹ́rin, mo rò pé mo ti borí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi gbé fóònù, ó ní, "Sé ẹ ti ti sọ́ọ̀bù? Kí lẹ wá ń se níbẹ̀ di àsìkò yìí?" O mọ bí àwa ọmọ Ìbàdàn ṣe máa ń sọ ọ́, tí àwọn ará ibòmíràn fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí rárá, síbẹ̀ omi ń dà lójú mi débi pé mo fi ibùdókọ̀ mẹ́ta kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú yìnyín, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó mi. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun ilé tí mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀ kì í ṣe mí léṣe tó èyí tó bá mi lójijì lẹ́yìn tí mo ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

O kò sì lè sá fún wọn tán. Ní àárín ìgboro Leeds, gbọ̀ngàn ìlú kan wà tí wọ́n ṣí ní 1858, àwọn òpó ńláńlá dúró níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti lọ, nítorí Gbọ̀ngàn Mápó ni mo rí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè tí mo ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní kékeré. Àwọn òrùlé páànù dídípẹtà tó yẹ kó tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, mo tiẹ̀ máa ń kí i pé "Mápó, ẹ kú àárọ̀ o" bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, n kò sì sunkún níbẹ̀ rí.

Ní ti oúnjẹ, má retí pé yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fún ọ. Èlùbọ́ kò ṣòro rí. Gbẹ̀gìrì ló fojú mi rí màbo. Ní 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá nítorí oògùn apakòkòrò tó pọ̀ jù lára rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú àjọ náà nígbà yẹn. Mo ra ẹ̀wà ilẹ̀ mìíràn, mo bó o títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo sè é, mo fi ìjábẹ̀ tí mo gbé láti ilé lù ú. Bí mo ṣe da ata sí epo gbígbóná báyìí, ẹ̀rọ tó ń ké bó bá gbọ́ òórùn èéfín han gooro lókè orí mi, aládùúgbò mi sì wá ń gbá ilẹ̀kùn, ó rò pé ilé ń jó. Gbẹ̀gìrì náà ṣàn bí omi ìfọwọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, inú mi kò sì dùn. Òwúrọ̀ Sátidé ni mò ń wá, tí ìyá mi jókòó sórí àpótí, tó ń fọ èèpo ẹ̀wà kúrò nínú omi, tó sì ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, kí ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó má dá mi lóhùn àfi bó bá wù ú. Ó kọ́kọ́ bú mi, ó ní ṣé owó ti pọ̀ lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà gbìyànjú rẹ̀ wò, nítorí bí o bá pè wọ́n láti bèèrè àlàáfíà lásán, "a wà dáadáa" ni wọn yóò máa sọ fún ọ. (Má gbàgbé pé láti ìparí oṣù kẹwàá di ìparí oṣù kẹta, aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tìrẹ.) Bí ẹkún náà bá sì ń dí ọ lọ́wọ́ oorun àti oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, lọ rí dókítà, ìyẹn ti ju àárò lọ.

Ní Sátidé kan, ìyá mi gbàgbé pé mo wà lórí fóònù. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń bá aláta nájà, tí aláta fẹ́ máa lọ, tó tún pè é padà. Nígbà tí owó wọn ṣọ̀kan, ó ní, "Ó yá, fi èènì sí i, ti ọmọ mi tó wà nílùú òyìnbó." Aláta rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ bí ata ṣe ń bọ́ sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka mẹ́rin.