Níbo gan-an ni èrò ìjìnlẹ̀ wà nínú ìwé Kerouac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lórí èrò ìjìnlẹ̀ inú ìwé àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí wọn kò gbà láti bá àwùjọ wọn rìn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ti ka On the Road ti Jack Kerouac tán. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ju àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa mọ́tò kiri, tí wọ́n ń mutí, tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀lé obìnrin. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n yọ fìlọ́sọ́fì inú rẹ̀ jáde. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ rí wà nínú ìwé náà lóòótọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ńláńlá bò ó mọ́ yín lójú. Àmọ́ bí ẹ bá ń wá ojú ewé tí Kerouac ti jókòó ṣàlàyé ohun tó gbà gbọ́ bí olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ṣe ń ṣe, ẹ ó wá a tì. Nínú ìwé yìí, ẹnì kan á fi ìdùnnú sọ èrò kan jáde, nígbà tó bá sì yá, ìtàn á gbé èrò náà dé ibi tí ẹlòmíràn yóò ti jìyà rẹ̀. Ibi méjèèjì yìí ni kí ẹ wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹta. Sal Paradise tó ń sọ ìtàn àti Dean Moriarty ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ẹlòmíràn wọ mọ́tò kúrò ní San Francisco, wọ́n jókòó sẹ́yìn, ẹni tó ni mọ́tò àti tọkọtaya arìnrìn-àjò kan sì wà níwájú. Dean ń sọ̀rọ̀ nípa afunfèrè jáàsì kan tí wọ́n gbọ́ ní alẹ́ àná. Ó ní ó dé ìgbà kan tí ọwọ́ ọkùnrin náà tẹ ohun kan, tí gbogbo ilé mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, tí àkókò sì dúró. Kò rí orúkọ fún ohun náà ju "IT" lọ. Ó wá ní kí Sal wo àwọn tó wà níwájú bí wọ́n ṣe ń ka máìlì, tí wọ́n ń ro ibi tí wọn yóò sùn àti owó epo, bẹ́ẹ̀ wọ́n kúkú máa débẹ̀ náà ni. Inú àwọn méjèèjì dùn débi pé mọ́tò ń mì, tí awakọ̀ sì ń ráhùn. Ohun tí Dean ń sọ ni pé ẹni tó ń fi gbogbo ọkàn ṣọ́ ọ̀la kò sí nínú ayé tó wà lójú rẹ̀. Òǹkọ̀wé Henry David Thoreau ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní Amẹ́ríkà kan náà nínú Walden ní 1854. Ìyàtọ̀ wà nínú àsìkò tí Kerouac fi sọ tirẹ̀: orílẹ̀-èdè ti ṣẹ́gun, owó wà, wọ́n ń rọ gbogbo ọ̀dọ́ pé kó wá iṣẹ́ gidi, kó ra ilé sí ẹ̀yìn ìlú, kó sì máa san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ láti 1945 pé bọ́ǹbù kan ṣoṣo lè pa odindi ìlú rẹ́.

Ẹ wá ṣí apá kẹrin. Ní Ìlú Mexico, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn dá Sal dùbúlẹ̀. Dean ti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó fẹ́ gbà níbẹ̀, ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn ní New York, ó sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àìsàn. Nígbà tí ara Sal yá, ó rí i pé ìwà eku ni Dean hù, síbẹ̀ ó tún ń wá àwíjàre fún un. Ẹni tí kò ní ọ̀la kankan lọ́kàn kò ní ohun tí yóò fi dúró ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Kerouac kò kọ gbólóhùn yìí síbì kankan, ṣùgbọ́n bó ṣe to ìtàn náà ló sọ ọ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá kọ àròkọ lórí ìran inú mọ́tò láìdárúkọ Mexico kò tíì ka ìwé náà tán.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa sáré mú Sartre, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àsìkò wọn bára mu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìní ẹ̀rí. Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ Kerouac dàgbà ní Lowell, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láàárín àwọn tó ń sọ èdè Faransé. Ní nǹkan bí 1954 ló tó fi ara jìn fún ẹ̀kọ́ Búdà, bẹ́ẹ̀ 1951 ló ti tẹ ẹ̀dà On the Road tó lókìkí jù sórí bébà gígùn kan, ọdún mẹ́fà kí ìwé náà tó jáde. Bí Búdà bá ni ẹ fẹ́ kọ nípa rẹ̀, The Dharma Bums ti 1958 ló yẹ yín. Níbẹ̀, Ray Smith, tó dúró fún Kerouac fúnra rẹ̀, ń bá Japhy Ryder jiyàn. Gary Snyder, akéwì tó lọ kọ́ Zen, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Búdà kan, ní Japan, ni Kerouac fi ṣe àwòkọ Japhy. Ray ní ohun tó kan òun jù ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tí Búdà kọ́ni, pé ìyà ni gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ń wo àgbélébùú láti kékeré ni mo ń gbọ́ nínú ìyẹn, ẹ sì lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ Kerouac kò gba ọ̀nà kan náà. Nínú Howl, ewì tó jáde ní 1956, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ gbé olùtẹ̀wé rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe kí adájọ́ tó dá a láre ní 1957, Allen Ginsberg fi Mólékì, òrìṣà inú Bíbélì tí wọ́n ń fi ọmọ rúbọ sí, pe owó, ilé iṣẹ́ ńlá àti ogun. Lẹ́yìn náà ló wá ń kéde lemọ́lemọ́ pé ohun gbogbo ni mímọ́. William Burroughs kò rí mímọ́ kankan. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, Naked Lunch, ó kọ ọ́ pé oníṣòwò oògùn olóró kì í ta ọjà fún oníbàárà, oníbàárà gan-an ló ń tà fún ọjà. Oògùn olóró ti mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti inú rẹ̀ ló sì ti fa àlàyé yọ nípa bí agbára ṣe ń mú ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó: ta ló ni ìfẹ́ ọkàn ènìyàn?

Ẹ má fo àwọn tó takò wọ́n. Ibì kan wà tí Sal ti ń rìn ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Denver, tó ń sọ pé ìbá wu òun kí òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí ayé àwọn aláwọ̀ funfun kò ní ayọ̀ tó. James Baldwin, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, dáhùn ní 1961 pé òun kò ní fẹ́ wà nípò Kerouac bó bá lọ ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè ní gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Àwọn obìnrin inú ìwé náà sì ń tọ́mọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí òǹkọ̀wé jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń rò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ da ìran inú mọ́tò àti ti Mexico kọ sí ojú ewé kan náà, kí orí kìíní yín sì jẹ́ àlàyé lórí àwọn méjèèjì nìkan. Kí ẹ sì sọ ẹ̀dà tí ẹ lò: ti 1957 yàtọ̀ sí ti bébà gígùn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, níbi tí orúkọ gidi àwọn ènìyàn ṣì wà, tí Dean sì ń jẹ́ Neal Cassady.