Ẹ gbàwé lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ọ̀rọ̀ National Library àti ìwé yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé oríkì ìlú yín, ẹ fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ìjọba títí ayé, ẹ wá ń bèèrè bóyá láíbìrì ìpínlẹ̀ yín ni ẹ máa gbé e lọ àbí National Library, àti pé ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá o! Ohun tó dá mi lóró gan-an nìyẹn.

Láíbìrì ìpínlẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, wọ́n ní bọ́ọ̀dù tiwọn. Ti yunifásítì, yunifásítì ló ni ín. National Library of Nigeria wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, 1964 ni wọ́n ṣí i l'Ékòó, òfin 1970 ló gbé e ró, olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti kó lọ sí Abuja láti 1995, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni pé láíbìrì ìpínlẹ̀ àti ẹ̀ka National Library lè jọ wà nílùú kan náà kí èkíní má mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Èmi ò mọ̀. Ìwé kan tí mo kọ lórí ewé àti egbò tí bàbá mi ń lò, mo di ẹ̀dà mẹ́ta sínú náílọ́ọ̀nù, mo ta á ní kókó, mo gbé e lọ sí láíbìrì kan. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní kí n gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Mo bi í pé ṣé á dé National Library, ó ní gbogbo ẹ̀ náà ni ti ìjọba. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń sọ fún àwọn ẹbí pé ìwé bàbá ti wà lọ́dọ̀ ìjọba. Lẹ́yìn ọdún méjì mo padà lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin kan fa páálí kan jáde, ìwé mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, nínú náílọ́ọ̀nù yẹn náà, kókó tí mo ta sí i lẹ́nu ṣì wà bí mo ṣe ta á. Ọdún méjì! Ẹni tó ń gbowó oṣù nídìí ìwé ni o, kò sì lè sọ fún mi pé ibí kọ́ ni mò ń wá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Òfin ní kí ẹni tó gbé ìwé jáde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí National Library láàárín oṣù kan, lówó ara ẹ̀. Méjì á wà nípamọ́ níbẹ̀, ìkẹta á lọ sí láíbìrì Yunifásítì Ìbàdàn, torí Ìbàdàn ló ti ń gba ìwé pamọ́ láti 1950 kí National Library tó wà rárá. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá tẹ ìwé, 10 ni wọ́n máa kó wá, ìjọba àpapọ̀ 25. Ohun tí wọ́n bá gbà yìí ni wọ́n fi ń kọ National Bibliography of Nigeria, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn ìwé tó jáde ní Nàìjíríà, ẹni tí ò bá kó ìwé ẹ̀ wá, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí orúkọ ẹ̀ kọ síbẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ISBN náà, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ń dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. National Library ló ń fún èèyàn, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbà á, kí ẹ tó tẹ̀wé. Èmi fi tèmi sílẹ̀ fún onítẹ̀wé, ó ní òun á bá mi ṣe é, àfi ìgbà tí ẹnì kan tẹ nọ́ńbà yẹn sórí fóònù, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé ló jáde! Òru méjì ni èmi àti ìyàwó mi fi lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Díjíìtì 13 ló máa ń wà nínú ẹ̀ láti 2007, ti Nàìjíríà máa ń ní 978 lẹ́ẹ̀mejì níwájú. Tí ẹ bá tún fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà míì ni ìyẹn máa gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé ISBN ló ń dáàbò bo ìwé lọ́wọ́ olè, Copyright Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ni ti ìyẹn, àti pé ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ yín kọ, tiyín ni látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́, ẹ̀ báà forúkọ sílẹ̀ ẹ̀ báà má fi sílẹ̀.

Ẹ wá ẹ̀ka National Library tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ ní ọ̀rọ̀ legal deposit lẹ bá wá, ìyẹn ẹ̀dà ìwé tí òfin ní kẹ́ ẹ kó wá. Ẹ kọ lẹ́tà dání ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, ẹ mú un lọ sílé. Ìwé mẹ́ta tí mo yọ nínú páálí yẹn náà ni mo gbé lọ síbẹ̀. Lẹ́tà olóǹtẹ̀ yẹn wà nínú báàgì tí mo ń kó ìwé ilẹ̀ wa sí.