Kànga Iyọ̀ Tó Ń Jò: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Hutchinson ní ìpínlẹ̀ Kansas, Amẹ́ríkà, ni ilé wa wà, omi kànga là ń mu. Àwọn kan ń fi omi yọ́ iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ládùúgbò wa. Bí kànga wọn bá jò, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀?

Ìdáhùn: Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tó ń ka mítà tó ń wọn omi tó wọlé àti èyí tó jáde ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi ni ìròyìn náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Bí kànga náà ṣe rí nìyí. Páìpù irin ńlá kan gba inú ilẹ̀ tí omi mímu wà kọjá lọ sórí iyọ̀, wọ́n sì ti da sìmẹ́ǹtì sí àárín òun àti ògiri ihò. Páìpù tó kéré sí i wà nínú rẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ń gba ọ̀nà kan wọlé, omi iyọ̀ ń gba ọ̀nà kejì jáde. Irin lè dípẹtà kó lu, oríkèé páìpù lè tú, sìmẹ́ǹtì sì lè má lẹ̀ dáadáa, kí omi iyọ̀ wá máa gba ẹ̀yìn irin gòkè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, torí géèjì tó ń wọn ìfúnpá lórí kànga lè má fi hàn.

Ìṣirò ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Bí omi iyọ̀ bá ti gba gbogbo iyọ̀ tó lè gbà, lítà kan rẹ̀ gbé nǹkan bíi gíráàmù 317. Nínú kúbíìkì mítà 100 omi tó wọlé, nǹkan bíi 97 ló máa jáde. Ìyókù ń dí àyè tí iyọ̀ tó yọ́ fi sílẹ̀. Bí 97 bá di 93 tí kò sì gòkè mọ́, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Mítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí iyọ̀ máa ń dì mọ́ inú rẹ̀ tí kò fi ní kà á bó ṣe yẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa wo ìfúnpá àti ìwọ̀n omi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tàbí kí wọ́n wọn èyí tó wọlé àti èyí tó jáde kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Lójú tiwa, tojoojúmọ́ nìkan ló tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kékeré wo ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Nínú ihò iyọ̀ tó gba kúbíìkì mítà 100,000, bí ìfúnpá bá fi bar 1 péré (bar ni wọ́n fi ń ka ìfúnpá) dín kù, nǹkan bíi lítà 4,000 omi iyọ̀ lè ti sá lọ.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìwakùsà ni mí, ní Àkúrẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ gáàsì náítírójìn ni wọ́n fi ń dán kànga iyọ̀ wò? Ṣé omi ò tó ni?

Ìdáhùn: Gáàsì máa ń rí ihò tóóró tí omi kò lè yára gbà kọjá. Ohun tó ń ba ìdánwò náà jẹ́ jù ni ìkánjú. Omi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì wọlé máa ń gbóná nínú ilẹ̀. Nínú ihò tí wọ́n ti pa dé, ìwọ̀n ooru 1°C lè gbé ìfúnpá sókè ní nǹkan bíi bar 10, jíjò á sì fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí kò tíì gba iyọ̀ tó á ṣì máa yọ́ iyọ̀, ìfúnpá á lọ sílẹ̀ láìsí ohun tó jò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kànga sinmi títí géèjì á fi dúró sójú kan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọra ti náítírójìn sí àárín páìpù méjèèjì títí yóò fi kọjá ìdí páìpù ńlá tí sìmẹ́ǹtì dì mú. Wọ́n á fi wáyà sọ ohun èlò kan kalẹ̀ láti mọ ibi tí gáàsì àti omi iyọ̀ ti pàdé, wọ́n á kọ ìfúnpá àti ooru sílẹ̀, wọ́n á dúró fún wákàtí 24 ó kéré tán, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Bí ojú ibi ìpàdé náà bá gòkè, tí kì í sì í ṣe ooru ló fà á, gáàsì ti jò.

Ibi tóóró ni kí ẹ yàn. Bí ọrùn ihò bá fẹ̀ ní ìdajì mítà, kúbíìkì mítà 1 tó sọnù á sún ojú ìpàdé náà ní nǹkan bíi mítà 5. Bó bá fẹ̀ ní mítà 2, sẹ̀ǹtímítà 32 péré ni, ẹ sì lè má rí i rárá. Ọdún márùn-ún-márùn-ún, ó kéré tán, ni òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé kànga iyọ̀ kò jò. Kí wọ́n tún wọn ooru láti òkè dé ìsàlẹ̀ kànga náà, torí ibi tí omi bá ti ń rìn lẹ́yìn irin, ooru ibẹ̀ á yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ìtòsí Hutchinson làwa náà wà. Wọ́n gbẹ́ kànga àyẹ̀wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, wọ́n ní omi ibẹ̀ mọ́. Ṣé kí ọkàn wa balẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí asẹ́ rẹ̀ wà, ìyẹn ibi tí omi ń gbà wọ inú páìpù rẹ̀. Omi iyọ̀ wúwo ju omi lásán lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Kànga tó ń fa omi láti òkè nìkan lè máa mú omi dáadáa jáde nígbà tí ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́. Ó yẹ kí ọ̀kan wà níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀, kí òmíràn wà níbi tó ń ṣàn lọ.

Bí kilóráìdì, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, bá pọ̀, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Nínú Equus Beds, ìyẹn ilẹ̀ tó gbé omi mímu ládùúgbò yín, tí ìlú Wichita náà ń fa omi mu nínú rẹ̀, odò Arkansas níyọ̀ tirẹ̀, omi iyọ̀ látinú kànga epo àtijọ́ sì ti wọlẹ̀ ní Burrton. Kí wọ́n wọn bùrómáìdì, èròjà mìíràn tó máa ń wà nínú omi iyọ̀, pẹ̀lú kilóráìdì. Nínú omi tó yọ́ iyọ̀ àpáta, kilóráìdì sábà máa ń ju bùrómáìdì lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú omi iyọ̀ kànga epo, ìlọ́po náà kéré sí i gan-an.

Ẹ bèèrè kànga àtijọ́ náà. Ní January 2001, gáàsì ìdáná jò láti ara páìpù kànga kan tí wọ́n fi ń kó o pa mọ́ sínú ihò iyọ̀, ó rin nǹkan bíi kìlómítà 11 lábẹ́ ilẹ̀ dé Hutchinson, ó sì gba inú àwọn kànga iyọ̀ àtijọ́ tí wọn kò dí jáde. Ènìyàn méjì kú. Kànga tí kò sí lórí máàpù, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ra ohun èlò kékeré tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná kọjá, ẹ máa wọn omi kànga yín lóṣooṣù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá gòkè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ gbé omi náà lọ sí láàbù.