Ọ̀dà ń bó lára ògiri yàrá àwọn ọmọ, kí la fẹ́ ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Ilé tiwa là ń gbé, a kó wọ ọ́ bí ọdún 6 sẹ́yìn. Lára ògiri yàrá táwọn ọmọ ń sùn, látilẹ̀ títí dé ibi tó ga tó ìbàdí mi, ọ̀dà á lé ròrò á sì máa bó, tí n bá gbálẹ̀ láàárọ̀ nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú ni mo máa ń kó. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kùn ún. Pẹ́ńtà tó ṣe é kẹ́yìn ní ọ̀dà tá a rà ni ò dáa, ká lọ ra satin, ọ̀dà tó máa ń dán yẹn. Ṣé ká rà á? – Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀dà yín ò ṣẹ̀, ògiri yẹn ló tutù nínú. Iyọ̀ ni nǹkan funfun tẹ́ ẹ̀ ń gbá yẹn, omi ilẹ̀ ń gun búlọ́ọ̀kù lọ sókè bí òwú àtùpà ṣe máa ń fa kẹrosín, tómi bá wá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù, òun ló ń ti ọ̀dà jáde. Tẹ́ ẹ bá wá lọ fi satin dé e lórí, omi ò ní ríbi gbà jáde, odindi awẹ́ lọ̀dà á máa bó. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ni kì í tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n máa ń dà sórí ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù, ohun tó sì ń fà á nìyẹn lọ́pọ̀ ilé, ó máa ń dùn mí gan-an torí owó ọ̀rá yẹn ò tó nǹkan rárá.

Kó lè dá yín lójú, ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ìwé ọmọ iléèwé, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2. Tómi bá sẹ̀ sí inú, lápá tó kọjú sógiri, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ìta ọ̀rá ló tutù, atẹ́gùn ni ò wọ yàrá dáadáa, ẹ máa ṣí wíńdò. Ẹ wá lọ wo ẹ̀yìn ògiri yẹn: ṣé balùwẹ̀ ló wà níbẹ̀? ṣé wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ tì í? Lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, ẹ sàmì sí ibi tómi tánkì dé, tó bá fi máa di àárọ̀ tó ti fà, páìpù kan ń jò nìyẹn.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá dí orísun omi yẹn lẹ tó máa pe bíríkìlà, kó họ pílásítà kúrò kó kọjá ibi tó tutù ní nǹkan bíi fíìtì 1, kó fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn tí kì í jómi wọlé mọ́ rẹ́ ẹ padà. Kí wọ́n má fi pọ́pù (POP, ẹfun funfun tí wọ́n fi ń mú ògiri jọ̀lọ̀) skrín ìsàlẹ̀ yẹn o, pọ́pù máa ń mumi, á sì rọ̀. Ó kéré tán ẹ fún un lọ́sẹ̀ 4 kó gbẹ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi sáǹpépà ha á, kí wọ́n fi aṣọ tútù nu eruku kúrò, kí wọ́n kun ọ̀dà olómi (emulsion) ní ìpele 2. Káwọn ọmọ lọ sùn ní yàrá mìíì títí wọ́n á fi ṣe é tán, eruku yẹn ò dáa fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Yàrá mi ò ju fíìtì 12 sí 12 lọ, pẹ́ńtà ní kí n ra gálọ́ọ̀nù 5. Ṣé kò ti pọ̀ jù? – Àpọ́n, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ó pọ̀ jù, àbúrò mi. Tí ògiri ẹ bá ga ní fíìtì 10, gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan. Ra 2, tó bá jẹ́ ògiri tuntun tí wọn ò tíì kùn rí ni, ra 3 torí á mu ún. Kó o sì dúró tì í tó bá ń pò ó, kómi má ju iye tí wọ́n kọ sára agolo lọ.