Ẹ Bi Wá: Ẹja wo ló lè bára gbé nínú táńkì omi òkun kékeré?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí, Òkèṣà l'Ádó-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe táńkì omi òkun tó ń gba nǹkan bíi lítà 110, mo ti kó òkúta àti iyanrìn sí i, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 6 báyìí, kórà (coral, ẹ̀dá inú òkun tó máa ń ṣí bí òdòdó) kéékèèké mẹ́ta tí mo lẹ̀ mọ́ òkúta náà ti ń ṣí dáadáa. Ó wá ku ẹja. Ẹni tó máa ń bá mi ra nǹkan l'Ékòó ti kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kó wá ránṣẹ́ sí mi: clownfish méjì, damsel mẹ́ta, blue tang kan, mandarin kan, lionfish kékeré kan. Ìyàwó mi ti rí fọ́tò blue tang yẹn, ó ní òun ò fẹ́ òmíì. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì sanwó o. Nínú ẹja mẹ́jọ yẹn, clownfish méjèèjì nìkan ni mo lè fọwọ́ sí. Kì í ṣe pé àwọn tó kù burú, ilé tó o kọ́ ni ò gbà wọ́n. Ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń yan ẹja tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ wù wá, ó kéré bí ìka ọwọ́ nínú ọ̀rá, a ò ní béèrè pé báwo ló ṣe máa tó tó bá dàgbà, kí ló ń jẹ, ṣé ó máa ń jà. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tajà kó tó bi í ní iye tó ń ta á.

Ká mú blue tang tí ìyàwó ẹ fẹ́ràn (bá mi kí wọn o). Tíṣà ni ẹ́, mú rúlà gígùn táwọn ọmọ kíláàsì ẹ fi ń fa ìlà, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, tẹ́ ẹ sórí táńkì yẹn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ẹja yẹn ṣe máa ń gùn tó nìyẹn tó bá dàgbà tán. Kò ní ráyè yí padà. Ẹja tó ń fi gbogbo ọjọ́ rìn kiri nínú òkun ni, tí àyè bá wá há mọ́ ọn báyìí, àìsàn tó máa ń yọ sára ẹja bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ lé e, òun ló máa ń tètè mú.

Mandarin lẹ́wà, mi ò tíì rí ẹja tó rẹwà tó o, òun náà ló sì máa ń dùn mí jù. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ń pè ní copepod ló ń ṣà jẹ lára òkúta látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ mandarin kì í tiẹ̀ wo oúnjẹ inú ike. Táńkì ọ̀sẹ̀ 6 ò tíì ní kòkòrò tó máa tó o jẹ. Á máa rìn níwájú ẹ, àwọ̀ ẹ̀ á ṣì máa dán, ikùn ẹ̀ á máa wọnú díẹ̀díẹ̀, o ò ní mọ̀ pé ebi ló ń pa á lọ. Lionfish ní tiẹ̀, ohun tó bá ti gba ẹnu ẹ̀ wọlé, oúnjẹ ni, títí kan clownfish ẹ, ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀ sì ní oró. Fún táńkì kékeré nínú ilé, mi ò gbà á rárá.

Damsel ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀ torí òun làwọn tó ń tajà máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn, owó ẹ̀ ò wọ́n, kì í sì í tètè kú. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra ọ̀kan, dúdú tó ní àmì funfun mẹ́ta lára, kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti gba igun ọ̀tún táńkì, tí mo bá ti ọwọ́ bọ omi kí n fọ gíláàsì, á sáré wá gé mi lọ́wọ́. Mo wá ra firefish lé e, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí ọ̀nà ìrù ẹ̀ pupa, tó ní lẹbẹ gígùn kan lẹ́yìn tó máa ń gbé sókè gbé sílẹ̀ bí ẹni ń juwọ́ síni. Alẹ́ ọjọ́ kejì mo rí i tó fún ara ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fílítà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, orí táìsì ni mo ti bá a, lẹ́yìn tábìlì tí táńkì wà, ó ti gbẹ, lẹbẹ yẹn ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Damsel lé e títí tó fi fò jáde, mi ò sì fi nǹkan kan bo táńkì. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Kí n tó lè mú damsel yẹn, gbogbo òkúta ni mo kó jáde, kórà méjì ló sì bá wàhálà yẹn lọ. Ìwọ wá fẹ́ ra mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará Èkìtì mọ Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn àgbà ní orogún tí ò rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn ráyè ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Nínú lítà 110, ẹni tí wọ́n ń lé ò ní ibi tó máa sá gbà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá rà nìyí: clownfish méjì, royal gramma kan, watchman goby aláwọ̀ yẹ́lò kan pẹ̀lú edé pistol. Ẹja mẹ́rin, ó tán. Goby á gba iyanrìn nísàlẹ̀, gramma á gba ihò inú òkúta, clownfish á máa lúwẹ̀ẹ́ lókè, kálukú ní yàrá tiẹ̀. Fi royal gramma han ìyàwó ẹ, elésè àlùkò ni láti orí dé àárín, ìdajì tó kù yẹ́lò, kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i tó dorí kodò lábẹ́ òkúta, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Clownfish, ra ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ ju ìkejì lọ. Akọ ni gbogbo wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, èyí tó bá jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn ló máa di abo, ìkejì á máa ṣe ọkọ, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé. Má ra mẹ́ta o, méjì á so pọ̀, wọ́n á máa lé ẹnì kẹta títí á fi kú. Béèrè fún èyí tí wọ́n bí sínú táńkì, oúnjẹ inú ike ti mọ́ ọn lára. Kò sì dìgbà tó o bá ra anemone, ẹ̀dá òkun tí wọ́n máa ń fi ṣe ilé, fún wọn, anemone máa ń rìn, ibi tó bá sì gbà ló ti máa ń ta kórà, táńkì ẹ ṣì kéré fún un.

Goby àti edé yẹn ni màá ní kó o gbé àga tì. Edé pistol ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, òun ló ń gbẹ́ ihò, á máa ti iyanrìn jáde bíi katakata kékeré, goby á dúró sẹ́nu ọ̀nà á máa ṣọ́ ọ. Tí edé bá ti jáde báyìí, irun gígùn orí ẹ̀ kan á wà lára goby, kì í gbé e kúrò. Tí goby bá rí ohun tí ò yé e, á kàn gbọn ìrù pẹ́, edé ti wọlé nìyẹn. Tó o bá ń gbọ́ tá! lóru bí ẹni ń pa èkùrọ́, gíláàsì kọ́ ló fọ́ o, ọwọ́ ńlá edé yẹn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Mo ti jókòó tì wọ́n títí iyán fi tutù níwájú mi. Ohun kan ṣá, rí i pé òkúta ẹ jókòó sórí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an, kì í ṣe sórí iyanrìn, torí tí edé bá gbẹ́ abẹ́ ẹ̀, á ya lulẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń sọ pé òun lòun nilẹ̀, torí náà goby àti edé ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí gramma tẹ̀ lé e, clownfish ló máa gbẹ̀yìn. Kó o tó ra èyíkéyìí, yẹ omi wò, ammonia àti nitrite, ìyẹn májèlé tó ń jáde látinú ìdọ̀tí ẹja, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Tó bá ṣeé ṣe, fi ẹja tuntun sínú táńkì kékeré mìíràn fún ọ̀sẹ̀ 4 kó o fi rí i bóyá àìsàn wà lára ẹ̀, ibẹ̀ náà ni kó o ti tọ́jú ẹ̀, oògùn oníbàbà ò gbọ́dọ̀ kan táńkì kórà láéláé, á pa edé, á pa ìgbín, á pa kórà. Kó o sì ní kí káfíńtà bá ẹ kan férémù kékeré, kó ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, kó o fi bo táńkì yẹn kí ẹja kankan tó wọlé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà. Ọkọ mi ló ra táńkì omi òkun, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Ojoojúmọ́ lomi ẹ̀ ń fà, omi iyọ̀ ni mo fi ń kún un. Ìgbín méjì ti kú, clownfish náà ń mí gúlegúle. Iyọ̀ tá a rà ti fẹ́ tán, ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ ò lè ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò mi obìnrin, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ wo ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná, omi ẹ̀ fà, iyọ̀ ẹ̀ wá le ju bẹ́ ẹ ṣe sè é lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú táńkì yín nìyẹn, omi nìkan ló ń fà lọ, iyọ̀ ò lọ síbì kankan, ẹ wá tún ń bu iyọ̀ lé e. Omi lásán ni kẹ́ ẹ máa fi kún un. Omi iyọ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá bu omi dànù tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa rí refractometer, ohun tí wọ́n fi ń wo bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, ẹ̀kán omi kan lẹ máa fi sí i, ó yẹ kó wà ní 1.025 sí 1.026, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Tó bá ti ga jù, ẹ má fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan ṣe é, bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin lẹ máa pa èyí tó kù.

Iyọ̀ ọbẹ̀, rárá o. Iyùn tí kábíyèsí ń wọ̀ sọ́rùn, egungun kórà inú òkun ni, calcium inú omi ni kórà sì fi ń mọ egungun ẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ ò ní calcium àti magnesium tí omi òkun ní. Iyọ̀ táńkì gan-an ni kẹ́ ẹ rà. Omi bọhó náà, ẹ ṣọ́ ọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ lè mú kí ewé omi (algae) máa hù sórí òkúta yín, omi tó bá ti gba inú fílítà RO, èyí tó ń yọ ohun tó wà nínú omi kúrò, kọjá ló dáa jù.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá mú iná lọ láti alẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì ńkọ́? Mi ò ní invátà. (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ má ronú nípa gílóòbù, kórà lè wà láìrí iná fún ọjọ́ kan. Atẹ́gùn inú omi ló máa kọ́kọ́ tán. Ẹ ra pọ́ńpù atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì, kó wà nítòsí, tí iná bá ti lọ kẹ́ ẹ tàn án. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé, oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù á bà jẹ́ nínú omi. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹ̀gbẹ́ táńkì kí omi má bàa tutù jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn mú ganrín, tí iná bá wà, ẹ kọjú fáànù sórí omi, ẹ má jẹ́ kó jìnnà púpọ̀ sí 25 tàbí 26 lórí tẹmómítà. Fáànù yẹn á mú kí omi máa fà sí i, omi lásán náà lẹ máa fi kún un.