Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Mọ́dẹ̀lì Ike Àtijọ́ Tẹ́ ẹ Gbé Pa Mọ́

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ mọ́dẹ̀lì ike ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́, ìyẹn àwọn ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò kéékèèké tó máa ń wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, téèyàn á fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ̀ pọ̀ tí á sì kùn ún. Inú mi dùn sí i gan-an, torí èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn ìbéèrè náà, gbogbo wọn láti Ìbàdàn níbí.

Bàbá kan ní Jẹ́ríkọ̀ kọ̀wé pé: Ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olóògbé ló ra páálí mọ́dẹ̀lì kan bọ̀ láti London nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ti Airfix, ilé iṣẹ́ mọ́dẹ̀lì ìlú òyìnbó, ọkọ̀ òfuurufú Fokker F27 ni. A jọ lẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ló bá padà sókè òkun, a ò parí ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú àpótí ẹ̀ ni. Ọmọ mi ní kí n tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkàn mi ò gbà, àmọ́ àwọn sítíkà ẹ̀ ti di yẹ́lò, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má bà á jẹ́.

Bàbá, ẹ má tà á, ẹ tò ó. Páálí tí wọ́n ti ṣí tí wọ́n sì ti lẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pawó, èyí tọ́wọ́ ò kàn rí làwọn tó ń kó o jọ ń wá. Ká tiẹ̀ ní ó ń pawó, ẹ̀gbọ́n yín ò gbé e bọ̀ láti London kó lè máa jókòó sínú àpótí, torí kẹ́ ẹ lè jọ tò ó ló ṣe rà á. Fokker F27 yẹn sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí Nigeria Airways fi ń gbé èrò láàárín ìlú síra wọn láwọn ọdún 1960, ẹni tó bá tó yín lọ́jọ́ orí á ti rí i lójú sánmà rí. Mọ́dẹ̀lì 1/72 ni, ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní 72 lára ojúlówó á di ẹyọ kan, ìyẹ́ tó fẹ̀ ní mítà 29 á wá di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lórí tábìlì yín.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo ike ẹ̀, kó máà jẹ́ omi gbígbóná torí àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè tẹ̀ kọrọdọ. Òróró tí wọ́n fi ń yọ ike kúrò nínú móòdù ní ilé iṣẹ́ ṣì lè wà lára ẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yẹ ibi tẹ́yin àti ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ nígbà yẹn wò, tẹ́ ẹ bá rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tó sì là fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó là, kẹ́ ẹ tún un lẹ̀, àmọ́ tó bá ṣì mú dáadáa ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà kódà kó wọ́ díẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn.

Ti sítíkà, ìyẹn irú èyí tí wọ́n máa ń rẹ sómi kó lè ṣí kúrò lára bébà ẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́dẹ̀lì, oòrùn Ìbàdàn ló máa tún un ṣe. Ẹ fi bébà sítíkà náà sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé tí oòrùn ń bà dáadáa, kí ojú ẹ̀ kọ síta, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, yẹ́lò yẹn á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀. Tó bá ti mọ́, ẹ gé èyí tẹ́ ò nílò, ẹ rẹ ẹ́ sómi wò. Tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú omi, á jẹ́ pé ó ti gbó, ẹ fín fáníìṣì tó mọ́ gaara sórí ìyókù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi síásọ̀sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan súnmọ́ àwòrán ẹ̀, torí fáníìṣì yẹn ti so gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Tó bá jẹ́ àwọ̀ Nigeria Airways lọkàn yín fẹ́, ìyẹn ewé àti funfun pẹ̀lú erin oníyẹ̀ẹ́ yẹn, kò sóhun tó burú ńbẹ̀ rárá. Ẹ ra bébà sítíkà olómi tí kò sí nǹkan lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ẹ rántí sọ fún wọn pé maṣíìnì tó ń lo íǹkì kì í tẹ funfun, ibi tó bá yẹ kó funfun, ọ̀dà lẹ máa fi kùn ún sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ sítíkà, kẹ́ ẹ sì fín fáníìṣì sójú ẹ̀ kó tó kan omi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ íǹkì yẹn á ṣàn lọ.

Ìyàwó ilé kan ní Bódìjà: Ọkọ mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò ní iṣẹ́ méjì lálẹ́ ju ike wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀. Àwọn ẹbí ní ó ti ń padà di ọmọdé. Ṣé kí n bá a wí?

Ẹ má bá a wí, màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Ọdún 1952 ni Airfix gbé ọkọ̀ ojú omi Golden Hind jáde, inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí, ṣílè méjì ni wọ́n ń tà á ní ilé ìtajà Woolworths nílùú òyìnbó, àwọn ọmọ tó ra ti ìgbà náà ti di bàbá àgbà. Ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ bá a sọ: kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sórí iye tí á máa ná lóṣù, kó sì máa ṣí fèrèsé, torí òórùn gúlúù àti ọ̀dà yẹn kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ibi tó ti kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ máa gbọ́ ìtàn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Sángo: Mo ra mọ́dẹ̀lì Volkswagen ìjàpá ti Tamiya, ilé iṣẹ́ mọ́dẹ̀lì kan ní Japan, irú mọ́tò tí bàbá mi ní tẹ́lẹ̀. Mo fi tínà àwọn tó ń kun mọ́tò po ọ̀dà, ike náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Super glue tí mo fi lẹ gíláàsì ẹ̀ tún sọ ọ́ di funfun.

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Polystyrene ni ike yẹn, tínà alágbára táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò ní Agódi Gate máa ń jẹ ẹ́ ni. Gúlúù mọ́dẹ̀lì gan-an bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn kí wọ́n sì gbẹ di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣí mọ́. Ọ̀dà tó ń lo omi ni kó o lò. Ibi tó yọ́, jẹ́ kó gbẹ pátápátá, bíi ọ̀sẹ̀ kan, fi body filler díẹ̀ dí i, kó o fi sandpaper tó kúnná pẹ̀lú omi ha á. Ti gíláàsì, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára super glue ló sọ ọ́ di funfun, gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ni kó o fi máa lẹ gíláàsì, tó bá gbẹ kò ní hàn. Má sì fín fáníìṣì lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ́ kó funfun bí ẹfun.

Tíṣà kan ní Òkè Ààrẹ: Kí ló dé tó jẹ́ ọkọ̀ òyìnbó nìkan? Ṣé a ò lè ṣe Cocoa House tiwa?

Ẹ lè ṣe é dáadáa, àmọ́ Láyípo, ilé gogoro tó wà ládùúgbò yín gan-an, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba òyìnbó ní Ìbàdàn nígbà kan, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Ní 1/72, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà á di ínṣì kan, Láyípo á jẹ́ ínṣì mẹ́wàá, ó sì máa bá Fokker Bàbá Jẹ́ríkọ̀ mu. Cocoa House ní tiẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 105, ní 1/72 á ga ju mítà kan lọ dáadáa, ilé alájà 26 sì ni, fèrèsé ẹ̀ á sú yín. Ní 1/350 tí wọ́n sábà ń lò fún ọkọ̀ ojú omi, á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn dáa fún ẹ̀ẹ̀kejì.

Ike tẹ́ ẹ máa lò ò jìnnà. Ẹ wo ìdí kọ́ọ̀bù yógọ́ọ̀tì, tẹ́ ẹ bá rí 6 nínú onígun mẹ́ta, polystyrene náà nìyẹn, gúlúù mọ́dẹ̀lì á mú un. Ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ sí Láyípo, kí wọ́n fi téèpù wọn ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọmọ kan tẹ́ ẹ ti wọn gíga ẹ̀ sì dúró sídìí ògiri nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, torí ara ọmọ yẹn lẹ máa fi ṣírò bí àwọn fèrèsé òkè ṣe tóbi tó.